Ẹ Dán Wọn Wò Lórí Wáyà Méjì Yìí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí NABTEB àti NBTE

Sí àwọn alákòóso NABTEB ní Ìlú Benin, àti àwọn alákòóso NBTE ní Kàdúná,

Ẹ̀yin lẹ ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe lórílẹ̀-èdè yìí. NABTEB ló ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. NBTE ló ń bójú tó ìlànà NSQ tí a fi ń díwọ̀n ohun tí oníṣẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe, ìbáà jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ló ti jáde, ìbáà jẹ́ abẹ́ ọ̀gá ló ti gba fíríídọ̀ọ̀mù. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín fún. Kí ẹnikẹ́ni má gba ìwé ẹ̀rí mẹkáníìkì tàbí rẹ́wáyà mọ́ láìjẹ́ pé ẹ gbé mọ́tò tí àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn síwájú rẹ̀, kí ó fi mítà àti làákàyè wá ibi tí àbùkù náà wà, kí ó tó dárúkọ ohunkóhun tí onímọ́tò máa fi owó rà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ yín. Bó bá wà níbẹ̀, ó dáa. Ìdánwò àfọwọ́ṣe ni mo ń wí, èyí tí èèyàn lè féèlì.

Mọ́tò òde òní kì í ṣe oníbréènbọ́ọ̀sì kan mọ́. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, gíà ní tirẹ̀, ABS tó ń ṣọ́ bíréèkì ní tirẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba èrò là ní tirẹ̀. Mítà tó wà níwájú awakọ̀ pàápàá, kọ̀ǹpútà ni. Bí a bá ní kí kálukú wọn fa wáyà tirẹ̀ lọ bá èkejì, ẹrù wáyà nìkan á pọ̀ ju ohun tí mọ́tò lè gbé lọ. Ìdí rèé tí ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí a ń pè ní CAN ní 1983, tí wọ́n sì fi han aráyé ní Detroit ní oṣù kejì ọdún 1986. Ní 1991, Mercedes-Benz S-Class gbé e dé ojú títì. Wáyà méjì péré ni, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ CAN High, èkejì ń jẹ́ CAN Low. Orí wáyà méjì yìí ni gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀, bí ìpàdé mọ̀lẹ́bí nínú àgbàlá kan: ẹni tó bá lọ́rọ̀ á sọ ọ́ sétí gbogbo ilé, kálukú á mú èyí tó kàn án; bí ẹni méjì bá sì la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ́ kánjúkánjú jù ni yóò máa bá a lọ, èkejì á dákẹ́ dìgbà tí àyè bá yọ. ABS ń kéde bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí; ẹ́ńjìnnì ń gbọ́, gíà ń gbọ́, mítà iwájú awakọ̀ ń gbọ́. Nítorí náà, bí ABS bá dákẹ́ lójijì, iná ABS nìkan kọ́ ni yóò tàn. Gíà lè há sí ojú kan, abẹ́rẹ́ tó ń fi eré hàn lè sùn sílẹ̀, iná bíi mẹ́rin lè tàn pọ̀, awakọ̀ á sì gbà pé gbogbo mọ́tò òun ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìgbà tí mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá dé ṣọ́ọ̀bù ni ìnáwó òfò ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á so síkánà mọ́ ọn, síkánà á gbé kóòdù U0100 jáde, èyí tó ń wí pé a kò gbúròó bréènbọ́ọ̀sì ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹni tí wọn kò kọ́ dáadáa á ní bréènbọ́ọ̀sì ti kú, kí onímọ́tò lọ ra òmíràn ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ta ló kọ kóòdù náà sílẹ̀? Kì í ṣe bréènbọ́ọ̀sì ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹni tí kò sí níjókòó kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn pé òun ò wá. Àwọn yòókù ló kọ ọ́. ABS, gíà àti mítà dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń jẹ́rìí pé àwọn retí ọ̀rọ̀ látọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì dé. Òótọ́ ni ẹ̀rí wọn, àmọ́ kò kọjá ibẹ̀. Bréènbọ́ọ̀sì náà lè ti kú lóòótọ́. Ó sì lè wà láàyè, kó jẹ́ fíúsì tó ń gbé iná fún un ló jó, kó jẹ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló dípẹtà, kó jẹ́ eku ló gé wáyà CAN tó wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí kó jẹ́ bátìrì ló ti rẹ̀ débi pé bí kíkì bá ti fa iná, èyí tó kù kì í tó bréènbọ́ọ̀sì dúró lé. Kóòdù kan náà ni gbogbo àbùkù wọ̀nyí máa mú jáde. Bákan náà ni U0101 ṣe ń sọ ti gíà, tí U0121 ń sọ ti ABS, tí U0140 ń sọ ti kọ̀ǹpútà tó ń darí iná àti ilẹ̀kùn, tí U0151 ń sọ ti àpò afẹ́fẹ́.

Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í fi kóòdù kan dájọ́. Á wọ inú gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá dáhùn, á bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ta ni kò gbúròó rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń ráhùn nípa ẹnì kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn, ìtòsí ẹni yẹn ni kí ó wò: iná rẹ̀, ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀ka wáyà tó lọ bá a. Bí àwọn tó wà lápá iwájú bá ń gbọ́ ara wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò gbọ́ tẹ̀yìn, àárín ọ̀nà ni kí ó wá a sí. Bí kò bá sì sí ẹni tó gbọ́ ẹnì kan, wáyà gbogboogbò fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́jọ́. Ọgbọ́n yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ti inú síkánà jáde. Ẹni tó mú síkánà lọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ ní in, ọgbọ́n náà ló sì yẹ kí ìdánwò yín máa wá.

Mo mẹ́nu ba síkánà nítorí pé bí ìjọba tàbí àjọ kan bá fẹ́ ran àwọn mẹkáníìkì lọ́wọ́, síkánà ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Ó yani lẹ́nu díẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kan náà tí àbùkù wà ni síkánà pẹ̀lú ń gbà wọlé. Ihò mẹ́rìndínlógún ló wà lójú ibi tí a ń kì í bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ihò kẹfà ni CAN High, ìkẹrìnlá ni CAN Low. Ìkẹrìndínlógún ń gbé iná bátìrì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà méjèèjì bá ti bíríìjì níbì kan nínú mọ́tò, síkánà olówó ńlá àti síkánà olówó pọ́ọ́kú á jọ dákẹ́ ni. Oníṣẹ́ tí kò mọ èyí á ní síkánà òun kò bá mọ́tò yẹn mu, á lọ yá èyí tó wọ́n jù ú lọ, òun náà á sì dákẹ́.

Àwọn ọ̀gá kan máa dá mi lóhùn pé pípààrọ̀ ni ìdánwò tó dájú jù: yọ bréènbọ́ọ̀sì, fi òmíràn sí i, bí mọ́tò bá dáhùn, ọ̀rọ̀ parí. N kò fojú kéré ìdáhùn yìí, torí ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, ẹni tó sì ti rí i kó ṣiṣẹ́ lójú ara rẹ̀ kò ní tètè gbà fún mi. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n á tú orí bátìrì. Kọ̀ǹpútà tí àṣìṣe rẹ̀ ti pọ̀ jù lórí wáyà CAN máa ń yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kó má baà di àwọn yòókù lọ́wọ́. Nígbà tí ìṣirò àṣìṣe tó kà sí ara rẹ̀ lọ́rùn nígbà tó ń sọ̀rọ̀ bá kọjá 255 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tí wọ́n pa, tí wọ́n sì dá padà, á pa ìṣirò yẹn rẹ́, kọ̀ǹpútà náà á tún padà síjókòó. Bí wọ́n sì ṣe ń fa ẹnu wáyà yọ, tí wọ́n ń kì í bọ̀, ìpẹtà tó bo irin inú rẹ̀ á ha kúrò. Bréènbọ́ọ̀sì tuntun ló gba ìyìn, nígbà tó jẹ́ pé ìpẹtà tó ha kúrò ló tún mọ́tò ṣe. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, àbùkù padà dé, onímọ́tò sì ti náwó tán.

Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ mọ́tò ní ìdè láàárín kọ́kọ́rọ́ àti bréènbọ́ọ̀sì, kí olè má baà rí i gbé. Bréènbọ́ọ̀sì tí wọ́n yọ lára mọ́tò mìíràn kò mọ kọ́kọ́rọ́ yìí, nítorí náà mọ́tò lè má ṣíná rárá. Àbùkù kan ti di méjì, a kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé iná bátìrì ló bíríìjì mọ́ wáyà CAN, ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de èkejì. Owó kọ́ ló dùn mí jù nínú gbogbo èyí. Ẹ̀rí ni. Gbogbo ohun tí wọ́n bá pààrọ̀ láìwọ̀n ń pa ojú ẹsẹ̀ àbùkù rẹ́, ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn á bẹ̀rẹ̀ láti inú òkùnkùn.

Kí wá ni mítà tí a fi ń wọn iná lè sọ tí síkánà kò lè sọ? Ìparí wáyà CAN kọ̀ọ̀kan ní rẹsístọ̀ ohm 120. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ọ̀kan wà nínú bréènbọ́ọ̀sì ẹ́ńjìnnì, èkejì wà nínú mítà dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí iná bá ti kúrò, tí a fi mítà kan ihò kẹfà àti ìkẹrìnlá, àwọn méjèèjì á jọ fún wa ní nǹkan bí ohm 60. Ìwé àtúnṣe Toyota gba 54 sí 69 wọlé. Bí mítà bá ka 120, ẹ̀gbẹ́ kan ti já, tàbí ẹni tó ni rẹsístọ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn kò sí níbẹ̀. Bó bá ń lọ sí òdo, CAN High àti CAN Low ti fọwọ́ kan ara wọn. Bó bá ka 40, rẹsístọ̀ kẹta ti wọlé, bóyá láti ara kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti mọ́tò yìí tí ẹnì kan ti kì bọ̀ ọ́. Bí iná bá sì padà dé, CAN High á máa ṣeré lókè volt 2.5 díẹ̀, CAN Low á máa ṣeré nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bí méjèèjì bá wà lórí 2.5 gbọn-in, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jọ rì sítòsí òdo, wáyà kan ti kan ẹ́ẹ̀tì. Mítà tó lè ka gbogbo èyí wà lọ́wọ́ àwọn rẹ́wáyà tẹ́lẹ̀. Kìkì pé kí wọ́n fi tẹ́sítà oníná pupa sílẹ̀ tó bá kan wáyà yìí, nítorí iná tí tẹ́sítà ń fà ju ohun tí wáyà ìsọ̀rọ̀ lè fún un lọ, ó sì lè dá àbùkù tuntun sílẹ̀.

Àmọ́ bí ẹ bá sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di àkọ́sórí, ẹ ti ba ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún jẹ́. Ohm 60 kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan pé. Orí wáyà gbogboogbò ni rẹsístọ̀ méjèèjì wà. Ẹ̀ka tó yà lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà kan lè já pátápátá, kí mítà ṣì máa ka 60. Àwọn mọ́tò kan tún wà tí ihò kẹfà àti ìkẹrìnlá wọn kò kọjá ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó dúró bí oníbodè láàárín síkánà àti wáyà tó wà nínú. Ohun tí ẹ bá wọ̀n níbẹ̀, ọ̀nà tó lọ bá oníbodè nìkan ló ń sọ. Ẹni tó mọ ìdí tí 60 fi jẹ́ 60 nìkan ló lè mọ ìgbà tí 60 kò sọ nǹkan kan.

Ẹnì kan lè wí pé mọ́tò àtijọ́ ló pọ̀ lójú títì wa, kí ni a ń fi CAN dà wọ́n láàmú sí? Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà kan. Àmọ́ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa ti ń wá, ti sọ ọ́ di dandan láti orí mọ́tò ọdún 2008 pé CAN ni síkánà gbọ́dọ̀ fi bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan sì ti ń lò ó ṣáájú ìgbà yẹn. Camry tí gbogbo ọjà ń pè ní Muscle, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́tò ọdún 2007, CAN wà nínú rẹ̀, mọ́tò yẹn kì í sì í ṣe tuntun mọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Àgbà tó bá mọ́tò bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń mú àbùkù yìí wá: ìdè wáyà ń gbó, ẹnu wáyà ń dípẹtà, àwọn míì sì ti mu omi ìkún-omi ní ìlú tí wọ́n ti wá kí wọ́n tó tún mu ti Èkó. Ẹ tún fi àwọn tó ń so tráákà, alámù àti rédíò aláwòrán mọ́ wáyà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí kún un. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń dàgbà tó ni iṣẹ́ yìí á ṣe máa pọ̀ tó.

Wọ́n lè ní owó kò sí. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kan nílò kò ju bréènbọ́ọ̀sì ẹ́ńjìnnì, ABS, mítà dáṣíbọ́ọ̀dù, ìdè wáyà, bátìrì kan àti pátákó tí wọ́n máa tò wọ́n sí, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti mọ́tò kan náà tó ti fọ́. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Ládípọ̀, kò sì wọ́n ní Gate ní Ìbàdàn. Wọ́n tún lè ní ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò kàwé. Èyí ni mo kà sí jù, nítorí pé ìlànà NSQ wà fún irú wọn gan-an. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ ṣe ìdánwò náà ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò àti ní Píjìn, kí olùdánwò máa béèrè, kí oníṣẹ́ máa fi ẹnu sọ ohun tó wọ̀n àti ohun tí ìyẹn sọ fún un. Nọ́ńbà ojú mítà kò ní èdè. Àwòrán wáyà gba ìkọ́ni díẹ̀, àmọ́ àwọ̀ wáyà àti ibi tó lọ ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìwé ìtàn. Ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà ni wọ́n ti ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lórí láìsí lórí bébà.

Àwòrán náà fúnra rẹ̀ ni ìṣòro tí n kò lè fi ọwọ́ kan yanjú. Àwọn tó ṣe mọ́tò ló ni ín, wọ́n sì ń tà á. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ọdún 2007 ti sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe tiwọn rí i gbà. Ní Massachusetts, àwọn ará ìlú fi ìbò gbe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2012. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ṣòfin, ṣùgbọ́n ẹ lè jókòó pẹ̀lú NADDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣíṣe mọ́tò, kí ẹ jọ bá àwọn tó ń to mọ́tò pọ̀ níbí sọ̀rọ̀, kí àwòrán wáyà CAN àwọn mọ́tò tó pọ̀ jù lójú títì wà fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn olè kò kúkú dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gbé Toyota RAV4 kan lọ: olè tú wáyà iná iwájú, ó so nǹkan kékeré kan mọ́ wáyà CAN níbẹ̀, nǹkan náà sì ń tan àwọn kọ̀ǹpútà yòókù jẹ pé kọ́kọ́rọ́ ti dé.

Mo fẹ́ kí ẹ fi àbùkù kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà. Lórí pátákó tí mo wí, ẹ gé wáyà CAN méjèèjì tó yà lọ sọ́dọ̀ ABS, kí ẹ fi nǹkan bo ojú ibi tí ẹ gé. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní síkánà, mítà àti àwòrán. Síkánà á gbé U0121 jáde látinú ẹ́ńjìnnì, ABS kò ní dáhùn. Mítà á ka 60 ní ihò kẹfà àti ìkẹrìnlá. Ẹ wò ó bóyá á wọn iná bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì ní ẹnu wáyà ABS, bóyá á rí i pé méjèèjì pé. Ẹ wò ó bóyá á wá ronú láti pa iná, kí ó yọ ẹnu wáyà náà kúrò lára ABS, kí ó wọn ihò CAN méjèèjì ní apá tó wá láti ara ìdè wáyà, níbi tó ti yẹ kó tún rí 60, tí kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún un ní máàkì lórí rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí 60 àkọ́kọ́, tó ní wáyà dáa, kí wọ́n lọ ra ABS, ẹ ní kí ó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.